Awò Ìbọn Tí Mo Gbé Lọ Sóko Àna Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ewú yóò fi bo gbogbo orí mi. Kì í ṣe pé n kò gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀. Ìyàwó mi ni kò gbà fún mi. Bí mo bá ti ń fọ́nnu díẹ̀ nínú ilé, tí mo ń ṣàlàyé bó ṣe yẹ kó ṣe nǹkan tí òun ti mọ̀ ọ́n ṣe láti kékeré, yóò kàn fi ìka méjì ṣe òrùka yí ojú ọ̀tún rẹ̀ ká, yóò yọjú wò mí láti inú rẹ̀, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi náà yóò wá rántí pé mo níṣẹ́ kan tí mo fẹ́ ṣe ní yàrá.

Nígbà náà, mo ṣì ń fẹ́ Dúpẹ́ sọ́nà ni. Ọmọ Aké ni mí, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo sì ń ṣe ní Èkó. Ọkọ̀ ojú irin ni mo ń wọ̀ lọ láàárọ̀, òun náà ni mo ń wọ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́, ohun tó sì wúwo jù tí ọwọ́ mi ń gbé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ni fóònù mi. Ilé Dúpẹ́ wà ní abúlé kan lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ọdẹ ni wọ́n, Ògún ni wọ́n sì ń bọ láti ayébáyé. Bàbá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá rojọ́ títí tí ẹnu fi ń ro mí, yóò ní, "Ó dáa," yóò sì dìde lọ wo ewúrẹ́ rẹ̀.

Wàhálà méjì ni mo ní nílé yẹn. Ọ̀kan ni ọ̀wẹ̀. Wọn kì í fi ọmọ fún èèyàn níbẹ̀ bí kò bá tíì ṣe ọ̀wẹ̀ àna: ọkọ ìyàwó yóò kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọn yóò gbé ọkọ́, wọn yóò sì bá bàbá ìyàwó ro oko. Bọ̀dá Múfú, ará Wásinmi tó fẹ́ ẹ̀gbọ́n Dúpẹ́, ti ṣe tirẹ̀. Ó kó àwọn géńdé wá, wọ́n sì ro ilẹ̀ náà dé etí odò kí oúnjẹ tó jinná. Títí di òní ni wọ́n ń ròyìn rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tèmi ńkọ́? Bí mo bá kó wọn dé oko, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò bèèrè ni ibi tí wọ́n ti lè fi iná sí fóònù wọn.

Wàhálà kejì ni Ìyá Àgbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá Dúpẹ́ ni, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kì í ga, òun sì ni àgbà ilé. Bí kò bá tíì ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ìdána kankan. Ọjọ́ tí Dúpẹ́ kọ́kọ́ mú mi lọ kí i, òjò ti rọ̀, ẹrẹ̀ wà nílẹ̀, èmi sì wọ ṣòkòtò funfun. Mo wo ẹrẹ̀, mo wo ṣòkòtò. Mo wá tẹ̀ ba díẹ̀, mo fi ìka kan kan ilẹ̀. Ìyá Àgbà tẹjú mọ́ ìka náà.

"Ṣé nǹkan ẹ jábọ́ ni?" Ohun tó bi mí nìyẹn, ó sì wọlé lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti dárúkọ mi létí rẹ̀, yóò ní òun kò tíì rí ẹni tó ń fẹ́ Dúpẹ́, pé ẹnì kan ṣoṣo tí òun rí ni ẹni tó wá wá nǹkan rẹ̀ tó jábọ́. Gbogbo ilé a máa rẹ́rìn-ín. Dúpẹ́ náà a máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bó bá di pé àwa méjì nìkan ló kù, ojú rẹ̀ á pọ́n, á ní bí n kò bá wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí, ó lè jẹ́ pé òun ni yóò jábọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù máa ń bà mí bó bá sọ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré.

Ọdún yẹn ni àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ dojú ìjà kọ àgbàdo Bàbá. Wọn yóò gùn ún, wọn yóò bó èèpo rẹ̀, wọn yóò jẹ ìdajì, wọn yóò sì fi ìdajì sílẹ̀ lọ sórí òmíràn. Bàbá ní ìbọn afẹ́fẹ́ kan tí ìwé àṣẹ rẹ̀ pé, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣẹ́ ọrùn rẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n tó lè ki ọta kan sí i. Àmọ́ ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Bó bá yìn ín, ọ̀kẹ́rẹ́ á kàn yíjú wò ó ni, á sì máa jẹun lọ. Ọjọ́ tó ń rojọ́ yìí, èmi tí mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan rí i pé ọ̀nà ti là fún mi láti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ́.

"Bàbá, ẹ má ṣèyọnu," ni mo wí. "Màá ra awò sí ìbọn yẹn fún yín. Tí mo bá ti tò ó tán, ìwọ̀nba ọ̀kẹ́rẹ́ tó bá ṣẹ́kù á ṣí lọ sí abúlé kejì. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn jẹ́ ọ̀wẹ̀ tèmi."

"Awò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí awò ojú ni, àmọ́ orí ìbọn ló ń wà. Láti ọ̀ọ́kán, ẹ ó máa rí irun imú ọ̀kẹ́rẹ́."

"Irun imú rẹ̀ kọ́ ló ń jẹ àgbàdo mi," ni Bàbá wí. Ó rò ó díẹ̀. "Ó dáa. Wá ní Sátidé. Bí o bá fi awò náà pa ọ̀kẹ́rẹ́ kan péré, o ti ṣọ̀wẹ̀. Bí o kò bá pa á, lọ múra ọkọ́. Ìyá Àgbà náà á wà lóko lọ́jọ́ yẹn, a ó jọ sọ ọ̀rọ̀ yín níbẹ̀, ká mọ èyí tí a ń ṣe."

Àwọn àgbà ti ní ẹnu dùn ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn ún ṣánko. Ẹ wò ó, n kò tíì fọwọ́ kan ìbọn rí láyé mi. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, nínú ọkọ̀ ojú irin, mo ń wo fídíò òyìnbó kan lórí fóònù. Yóò dùbúlẹ̀ lórí koríko tó tẹ́jú bíi rọ́ọ̀gì, yóò máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, yóò yí bọ́tìnnì kékeré kan, ọta rẹ̀ yóò sì máa wọ ojú ihò kan náà. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo tilẹ̀ la ẹnì kan lọ́yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìbọn ní ọ́fíìsì wa, ẹni tó jẹ́ pé ṣúgà ló wá tọrọ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo dé oko pẹ̀lú awò nínú páálí rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí Bàbá na ọwọ́.

"Gbé e wá ná."

Ó kó awò àti ìbọn, ó gbé wọn lọ sí ojúbọ Ògún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré. Ó ní irin àlejò kì í gun irin ilé àwọn láìjẹ́ pé Ògún ti mọ̀ ọ́n. Ó mú ìgò epo pupa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á. Mo ti rò pé yóò kán díẹ̀ sí i lórí ni. Bàbá tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ kò ṣọ́ epo dà rárá. Ó da á sórí awò, ó da á sórí ìbọn, ó fi ọwọ́ pa á dáadáa mọ́ ibi tí òrùka irin tó di awò mú yóò ti jókòó, ó sì sọ fún Ògún pé ọmọ Aké kan ló gbé e wá, kó jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ náà ba nǹkan. Ohùn tèmi ló ga jù níbi àṣẹ.

Òyìnbó inú fídíò ti tẹnu mọ́ ọn pé ojú irin gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú kí wọ́n tó gbé awò lé e. Ohun tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, mo sì rántí rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n òyìnbó kọ́ ló ń fẹ́ Dúpẹ́. Ọkọ ìyàwó wo ni yóò mú àkísà níwájú bàbá ìyàwó, tí yóò máa nu epo tí wọ́n fi bọ Ògún nù? Mo ní, "Ẹ ṣé, sà, epo náà ti kárí," mo sì gbé ohun tó ń yọ̀ mí lọ́wọ́ náà jáde.

Mo gbé awò lé ìbọn, mo fi òrùka méjèèjì dè é, mo sì fún síkúrù wọn títí ọwọ́ mi fi ń ro mí. Mo fi ojú sí i. Igi ọ̀pẹ tó wà níwájú mi gan-an ti lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀. Gbogbo oko kéré, ó jìnnà, ó sì pupa. Bọ̀dá Múfú, tó jókòó sórí ebè tó ń jẹ iṣu sísun, wò mí fún ìgbà díẹ̀.

"Àbúrò," ni ó wí, "ẹnu tó gbòòrò yẹn, ṣé kì í ṣe iwájú ló yẹ kó kọjú sí?"

Mo ní mo mọ̀, pé mo ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀yìn ná ni. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo yí i padà, mo sì tún un dè. Ọ̀pẹ padà dé láti Òṣíẹ̀lẹ̀. Mo fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu ojú awò ní bòókẹ́lẹ́, àmọ́ n kò lè nu ara irin, nítorí Bàbá wà lẹ́nu ahéré tó ń wò mí.

Òyìnbó ní ìbọn kì í sinmi lórí nǹkan líle. Mo wá àpò ìrẹsì kan tó ṣófo nínú ahéré, àpò tuntun tí àwòrán abọ́ ìrẹsì wà lára rẹ̀, mo bu yanrìn kún un, mo rán ẹnu rẹ̀, mo sì gbé e sẹ́bàá ọ̀nà oko. Mo fi èédú ya òbìrìkìtì sára páálí kan, mo gbé e kọ́ sára kùkùté ọ̀pẹ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo wá dùbúlẹ̀ lórí ikùn, mo na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé ìbọn lé àpò, mo sì fi àgbélébùú kékeré inú awò sójú òbìrìkìtì náà. Mo yìn ín.

Páálí ò mira. Mo tún yìn ín, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lu lápá òsì. Mo ní, ó dáa, ìyẹn ti yé mi, ó ń fà sósì. Mo yí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ awò. Ó yẹ kí n ti ka ohun tí wọ́n kọ sára bọ́tìnnì náà, ṣùgbọ́n epo ti bò ó, èmi náà sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Apá òsì ni mo tún yí i sí. Bọ̀dá Múfú ti gbé búútà tó fi ń ṣàlùwàlá sórí kùkùté mìíràn tó jìnnà sí páálí mi gan-an. Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò sí bí èèyàn ṣe lè na ìbọn sí páálí yẹn kó ba búútà. Mo yìn ín, mo gbọ́ "pọ́", omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti ikùn búútà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Bọ̀dá Múfú lọ gbé e, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Àbúrò, ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ ti wọ inú búútà mi ni?"

"Ẹ má bínú, bọ̀dá. Awò ni kò tíì jókòó."

"Bó bá wá jókòó tán, kí la máa fi ṣàlùwàlá?" Ó wá jókòó sí ẹ̀yìn mi gan-an. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni ọkàn òun balẹ̀ sí lóko náà.

Mo kíyè sí i wàyí pé awò náà ń rìn. Bí mo bá ti yìnbọn, ìbọn á ta sẹ́yìn, awò á yọ̀ lórí epo, á sì sún wá sí ojú mi. Èmi á tì í padà, á tún bọ̀. Níbi tí mo ti ń fi ojú lé e pẹ́kípẹ́kí kó má baà sá mọ́ mi lọ́wọ́, mo yìnbọn, awò sì gbá mi lójú pàù. Omi bọ́ lójú mi. Dúpẹ́ gbé omi mímu wá fún mi, ó wo ojú mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì yára padà. Mo rò pé àánú mi ló ṣe é. Inú mi tilẹ̀ dùn.

Ní báyìí, ọ̀sán ti ń pọ́n. Ìtìjú ti ń mú mi. Mo ń ro Dúpẹ́, mo ń ro ọkọ́, mo ń ro ohun tí Ìyá Àgbà yóò sọ bó bá dé tó bá mi láìpa nǹkankan. Mo dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo yìn ín, kò ba ohunkóhun. Mo ṣì fi ojú sínú awò tí mo ń wá ibi tí ọta gbà nígbà tí gbogbo oko ṣókùnkùn lójijì. Páálí lọ, kùkùté lọ, aṣọ àdìrẹ ló kún inú awò láti etí dé etí. Mo gbé orí sókè. Ìyá Àgbà ló dúró níwájú mi.

Ìpayà mú mi. Lóòótọ́, ìbọn ti ṣófo, n kò tíì ṣẹ́ ọrùn rẹ̀ fún ọta mìíràn, ṣùgbọ́n àgbà ilé ló dúró lẹ́nu rẹ̀. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fẹ́ dìde kí n ṣàlàyé.

"Má dìde," ni Ìyá Àgbà wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí n kò ṣe gbọ́ ọ rí. "Má tíì dìde. Jẹ́ kí n wò ọ́. Ọmọ Aké ló na tàntàn sórí yanrìn yìí fún èmi arúgbó?"

Kí ni kí n sọ? Kí n ní rárá, Ìyá, páálí ni mo dọ̀bálẹ̀ fún? Mo ní, "Ẹ kú ọ̀sán, Ìyá."

"O káre. Ilẹ̀ tí o dọ̀bálẹ̀ sí yìí kò ní gbé ọ mì. Bí o ṣe tẹ́ ara rẹ sílẹ̀ fún wa, bẹ́ẹ̀ layé á tẹ́ pẹrẹsẹ fún ọ."

"Àṣẹ."

Àdúrà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kì í dìde títí tí wọ́n bá fi ní kó dìde, Ìyá Àgbà ò sì yára. Ó gbàdúrà lé orí mi, ó gbà á lé ọwọ́ mi, ó gbà á lé ọmọ tí n kò tíì bí. Ó ń ki mí ní oríkì ilé wa, bẹ́ẹ̀ n kò sọ fún un rí. Èèrà ti wọ inú ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ìgbà tí ó dé ibi ẹ̀mí gígùn ni ọ̀kẹ́rẹ́ kan jáde láti inú àgbàdo. Ó gun kùkùté tí páálí mi wà lára rẹ̀, ó jókòó sórí páálí, ó di àgbàdo mú, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wò mí. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan péré tí Bàbá ní kí n pa nìyẹn. Mo ń wò ó láti abẹ́ apá Ìyá Àgbà, mo sì ń ṣe àṣẹ.

"Èyí náà ńkọ́?" Ìyá Àgbà fi ọ̀pá kan àpò. "Ìrẹsì lo tún gbé wá? Odidi àpò? Ẹni tí mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ mà nìyí! Múfú, ìwọ Múfú, wá bá mi gbé ìrẹsì yìí lọ sílé."

Mo yíjú sí Bọ̀dá Múfú. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Òun ló bá mi la ẹnu àpò nígbà tí mo ń bu yanrìn sí i. Ó wo búútà rẹ̀, ó wo èmi, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé àpò náà lé èjìká.

"Ìrẹsì yìí mà wúwo o, Ìyá," ni ó wí. "Ẹni tó ra irú èyí fún yín, kò sí irọ́ níbẹ̀, ó fẹ́ràn yín."

Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Ó ní ọmọ tí òun rò pé kò lè tẹ̀ ti tẹ̀, pé yanrìn ṣì wà ní àgbọ̀n rẹ̀, kí Bàbá wò ó. Ó ní kí wọ́n dá ọjọ́ ìdána. Dúpẹ́ wà lẹ́yìn ògiri ahéré, mo sì gbọ́ tí ó mí kanlẹ̀. Bàbá, tó ti wà lẹ́nu ahéré láti àárọ̀ tó rí gbogbo rẹ̀, wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́.

"Awò yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti ń ba nǹkan?"

"Ó kù díẹ̀, sà."

"Ó ti bà á." Ó ń wo Ìyá Àgbà bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ. "Ó dáa. Ìyá ti gba ìdọ̀bálẹ̀ tirẹ̀. Ilẹ̀ mi kò tíì gba tirẹ̀. Gbé ọkọ́ wá ní Sátidé tó ń bọ̀."

Iṣẹ́ kò tíì parí. Yanrìn wà nínú yàrá Ìyá Àgbà, alẹ́ ọjọ́ náà sì ni ó fẹ́ se ìrẹsì fún gbogbo ilé. Mo gun ọ̀kadà, mo sáré dé Òṣíẹ̀lẹ̀. Ọlọ́kadà ń wò mí nínú dígí rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ń ta ìrẹsì ni kò lè pa á mọ́ra. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ní, "Ẹ kú orò o, ọ̀gá. Èwo ni ẹ̀yin ń bọ?" Mo ní kí ló dé. Ó gbé dígí fún mi. Òrùka epo pupa tó mọ́lẹ̀ kedere ló yí ojú ọ̀tún mi ká, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun lára fún ọdún. Òun ni mo gbé kiri látàárọ̀. Òun ni mo fi gba gbogbo àdúrà yẹn, òun ni mo fi bá bàbá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ tìyìtìyì. Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé láti ná ìrẹsì.

Bọ̀dá Múfú ló bá mi pààrọ̀ àpò nígbà tí Ìyá Àgbà lọ wẹ̀. A da yanrìn sẹ́yìn ilé, ó ń rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Mo ra búútà tuntun fún un. Ní Sátidé kejì, mo gbé ọkọ́, òun àti àwọn ará Wásinmi sì wá ràn mí lọ́wọ́ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n. Ọwọ́ mi léròrò, mi ò lè di ohunkóhun mú nínú ọkọ̀ ojú irin fún ọjọ́ mélòó kan. Bàbá tú awò kúrò lórí ìbọn, ó dẹ pàkúté fún àwọn ọ̀kẹ́rẹ́, ó wá ń fi awò náà wo ewúrẹ́ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. A ṣe ìdána, a ṣègbéyàwó. Nígbà tó ṣe, èmi àti Dúpẹ́ lọ kí Ìyá Àgbà. Ó bu ẹ̀pà yíyan fún mi nínú abọ́, mo sì ń jẹ ẹ́, mo ń yìn ín pé n kò tíì jẹ ẹ̀pà tó yan dọ́gba báyìí rí.

"Yanrìn tí mo fi yan án ló dára," ni ó wí. "Yanrìn ìdọ̀bálẹ̀ rẹ ni. Ìwọ àti Múfú dà á sẹ́yìn ilé, mo ní kó má ṣòfò, mo gbọ̀n ọ́n, mo fọ̀ ọ́."

Ẹ̀pà dúró lẹ́nu mi. "Ìyá, ẹ mọ̀ pé yanrìn ni?"

"Ọdẹ ni ọkọ tí mo fẹ́. Ṣé n kò mọ ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń yìnbọn ni? Mo ti dúró lẹ́yìn yín tipẹ́, mo ń wò ọ́. Mo jẹ́ kí o yìn ín tán, kó má sí ọta nínú rẹ̀, mo tó kọjá síwájú. O jẹ mí ní ìdọ̀bálẹ̀ láti ọjọ́ ṣòkòtò funfun, mo sì rí i pé ìgbà mìíràn tí ikùn rẹ yóò kanlẹ̀ lè pẹ́. Mo bá lọ dúró sí iwájú orí rẹ." Ó ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. "Ìwọ látàárọ̀, o kò ba páálí. Èmi, ẹ̀ẹ̀kan ni mo yìn ín."

"Ìrẹsì yẹn ńkọ́, Ìyá?"

"Ìrẹsì yẹn dùn. Ó yẹ kó ti tẹ̀lé ọ wá láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Kí ni mo fẹ́ ṣe ju kí n rẹ́rìn-ín lọ? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, bẹ́ẹ̀ kò sí awò kankan tó gbá mi. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní rí i. Èmi ti fi tèmi kún un pé bó gbé awò lé ìbọn, kò ní rí i náà. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà, òjò ìbáà rọ̀, ẹrẹ̀ ìbáà wà, n kì í wo irú ṣòkòtò tí mo wọ̀ kí n tó na gbọọrọ.

Dúpẹ́ wò mí, ó fi ìka méjì yí ojú ọ̀tún rẹ̀ ká. Mo gbójú kúrò lára rẹ̀, mo tún bu ẹ̀pà sí i. Ó dùn lóòótọ́, ó kàn jẹ́ pé yanrìn díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ ni.